Ọ̀RỌ̀ LẸ́YÌN ÌRUN: Ọmọ Tí Ó Ń Gbàgbé Súrà Rẹ̀

Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń ní kí ọmọ ka ojú ewé yìí sí yín létí, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi wo àwọn àwòrán tán. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a kírun tán ní Ola níbí, tí olúkúlùkù ti ń wá bàtà rẹ̀, ìyá kan dúró dè mí ní ẹ̀bá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó gbé ike omi kan lọ́wọ́. Ó ní, "Àáfà, ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe àdúà sí omi yìí. Ọmọ mi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Àwọn ayé ti gbà á lọ́wọ́ mi." Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Mo bi í pé kí ni ọmọ náà ń mu. Ìyá náà wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún wo ilẹ̀. Ó ní, "Àáfà, ta ni ó sọ fún yín?"

Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Ojú mi ni ó ti rí irú rẹ̀ rí, ọwọ́ mi ni ó sì ti ṣe é ṣì rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba lónìí, kí ó yé jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní ilé kéwú tí mo ti ń kọ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bí a bá kọ súrà sí wàláà rẹ̀ ní àárọ̀, kí a tó pe ìrun Àlàásárì, ó ti há a sórí. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé. Àwọn súrà kúkúrú tí ọmọ ọdún méje mọ̀, yóò dé àárín wọn, yóò dúró, yóò máa wo òkè bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Ó ń sùn lórí wàláà. Bí a bá ṣe ẹ̀fẹ̀, ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá rẹ́rìn-ín tán ni òun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Mo fi pàṣán nà án. Mo nà án ní ìgbà kìíní, mo nà án ní ìgbà kejì. Ní ìgbà kẹta kò tilẹ̀ sunkún mọ́, ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀yin ará mi, ìwò yẹn kò tíì kúrò lójú mi títí di òní.

Ọjọ́ tí ó ṣubú lulẹ̀ níwájú wa, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí wárápá mú, ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́. Nígbà ìsinmi, ọmọ náà bá àwọn tí ń kó yẹ̀pẹ̀ sínú ọkọ̀ ṣiṣẹ́, kí ó lè rí owó ra ìwé. Wọ́n fún un ní hóró Tramadol kan pé kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, kò rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó yá, hóró kan kò tó mọ́, ó di méjì. Nígbà tí kò rí oorun sùn lóru mọ́, wọ́n ní igbó ni yóò mú un sùn. Ọmọ ń ṣàìsàn, èmi olùkọ́ rẹ̀ sì ń fi pàṣán lé ìgbàgbé jáde lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń bá jà. Oògùn ìrora ni Tramadol, àwọn dókítà a máa fi fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Kodíìnì tí ó wà nínú irú oògùn ikọ́ kan jẹ́ ìbátan rẹ̀. Bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ara a máa sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọ́fíìnì. Àwọn méjèèjì ń sọ fún ọpọlọ pé kò sí ìrora, wọ́n sì ń mú inú dùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbé ayọ̀ wá fún ọpọlọ láti òde lójoojúmọ́, yóò dẹwọ́ nínú pípèsè tirẹ̀. Nígbà náà ni ẹni tí ó ti mọ́ lára yóò máa sọ pé òun kò mu ún nítorí ìgbádùn mọ́, pé kí ara òun ṣáà lè balẹ̀ ni. Àpọ̀jù Tramadol a máa mú gìrì wá. Àpọ̀jù kodíìnì a máa dín èémí kù díẹ̀díẹ̀, títí èémí yóò fi dákẹ́. Bí a bá sì pò wọ́n mọ́ ọtí, ikú yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbó ní tirẹ̀ ní ohun kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní THC. Ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wà lára ibi tí ohun yìí ń kọlù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ń mu ún fi lè ka ìwé ní àṣálẹ́ kí ó má sì rí i nínú orí rẹ̀ ní òwúrọ̀. Èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Kọ́lọ́ràdó kì í tilẹ̀ ṣe igbó. Ewé gbígbẹ ni, tí a fi kẹ́míkà tí a pò ní ilé iṣẹ́ wọ́n. Ó le ju igbó lọ gidigidi, ó sì lè dojú orí ọmọ rú ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Àáfà, bàbá kan wà ní oko wa tí ó ti ń mu igbó láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, kò sì ya wèrè." Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mu ún ni orí rẹ̀ ń dàrú, mi ò sì ní purọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà mọ ilé alámọ̀. Bí ewúrẹ́ bá gun ògiri tí ó ti gbẹ, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Bí ó bá tẹ amọ̀ tútù, ògiri yóò gbẹ tòun ti ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé ọpọlọ ènìyàn kò gbẹ tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Apá tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tí a fi ń rò ó kí a tó ṣe é, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, òun ni ó ń gbẹ kẹ́yìn. Ọmọ ọdún 15 tí ń mu igbó, amọ̀ tútù ni ó ń tẹ̀.

A ti wò ó rí ní ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lé ní 45,000 tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1969 sí 1970 léèrè bí wọ́n bá ti ń mu igbó, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún 15. Ìwé tí ó jáde ní 1987 fi hàn pé àwọn tí ó ti mu ún ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ológun ní àrùn ọpọlọ líle tí a ń pè ní schizophrenia ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn tí kò mu ún rárá. Ní ìlú Dunedin ní ilẹ̀ New Zealand, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 1,037 tí a bí ní 1972 sí 1973 títí wọ́n fi di ẹni ọdún 38. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ igbó ní èwe tí wọn kò sì dáwọ́ dúró pàdánù tó 8 nínú òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn òye, àwọn tí ó sì jáwọ́ nígbẹ̀yìn kò rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń jiyàn pé bí a ṣe tọ́ ọmọ àti òṣì ilé wà lára ohun tí ó fa èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ. Ọmọ tiwa ni kí a má fi dán an wò.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ni. Ìwádìí tí ìjọba wa pẹ̀lú àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde nípa ọdún 2018 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Èyí tó ẹnì kan nínú méje. Nínú wọn, mílíọ̀nù 10.6 mu igbó. Ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa yìí ni ó pọ̀ jù sí. Ní ọdún 2018 kan náà, lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí àwọn tí ń ta oògùn ikọ́ oníkodíìnì lábẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti ilẹ̀kùn kan, àwọn ọmọ gba ojú fèrèsé lọ síbi Tramadol àti Kọ́lọ́ràdó.

Òfin líle nìkan kò ṣe é rí. Àwọn tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ sọ pé àwọn sójà tí ó ti ogun Bọ́mà dé ni ó kó èso igbó wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí yóò fi di 1964, Dókítà Tọlánì Àsúnì ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ti ń kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ tí wọ́n ti ń mu igbó. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbin igbó, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán. Wọ́n dẹ òfin náà ní 1975. Ikú pàápàá kò lé igbó lọ. Iná tí ó wà nínú ilé, omi inú ilé ni a fi ń kọ́kọ́ pa á.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn díẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan a máa bi mí pé, níbo ni orúkọ igbó wà nínú Àlùkùráánì? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé orúkọ ògógóró náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a fi ń pe ọtí, khamr, ti ara bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ ni ó ti wá: ohun tí ó bo làákàyè ni. Ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń pe làákàyè, ʿaql, jẹ́ ìbátan ọ̀rọ̀ okùn tí a fi ń so ràkúnmí lẹ́sẹ̀ kí ó má bàa ṣìnà. Ẹni tí ó bá mu ohun tí ó ń jẹ okùn náà, ràkúnmí rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ewé hashish, tí ó jẹ́ igbó kan náà, tàn ká láàárín àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́, àwọn àgbà onímọ̀ kò wí pé kò sí orúkọ rẹ̀. Ibn Taymiyya tí ó kú ní 1328 là á mọ́lẹ̀ pé hárámù ni, nítorí ó ń gba làákàyè. Làákàyè wà lára ohun márùn-ún tí àwọn onímọ̀ sọ pé Ṣẹ̀ríà wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sìn ti sọ pé hárámù ni, kò sọ pé kí a so ọmọ mọ́lẹ̀ bí ẹran iléyá. Ibi tí ojú ti ti èmi gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ mọ́ṣáláṣí nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá tú àwọn ọmọdékùnrin àti ọkùnrin tí ó ju 300 lọ sílẹ̀ nínú ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú; ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní Ìbàdàn, nítòsí wa níbí. Ta ni ó kó àwọn ọmọ lọ sí irú ibẹ̀? Àwọn òbí bí èmi àti ẹ̀yin ni. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ ń mu oògùn, ojú tì wọ́n, wọ́n ní kí Àáfà bá wọn lé e jáde.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn aṣáájú wa ṣe. Ní 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí ìlú Cairo, ààyè wà níbẹ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú, a sì ń tọ́jú wọn bí aláìsàn. Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ ń rìn gbéregbère nílò ojú tí ó mọ̀. Àwọn kan ní ìhà Èjìgbò wa yìí, bí ọmọ bá ti yíwọ́, wọn a ní kí ó máa lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní Abidjan. Ẹ̀yin ará, igbó wà ní Abidjan pẹ̀lú. Orí tí ọmọ gbé kúrò nílé náà ni yóò gbé dé ọ̀hún.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ máa wo ọmọ yín. Bí ọmọ tí ó mọ̀wé bá ṣàdéédéé di onígbàgbé, bí ó bá ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, bí kò bá sùn lóru tí ó ń sùn lọ́sàn-án, bí owó bá ń sọnù nílé, bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹ kò gbọ́, ẹ má mú pàṣán, ẹ fa àga. Ẹ bi í jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ oògùn rárá. Àìsàn ọpọlọ a máa dé bá ọmọ tí kò mu nǹkan kan. Dókítà ni yóò yà á sọ́tọ̀.

Èkejì, ẹ tètè gbé e lọ. Arò wà ní Abẹ́òkúta, àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Bí ó bá jáwọ́ nínú Tramadol tàbí kodíìnì, ara yóò máa ro ó, inú yóò máa ṣu, kò ní rí oorun sùn. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Oògùn ni ara ń béèrè. Bí ó bá sì tún padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má lé e. Ọwọ́ òsì tí ó bá na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá bá a tí ó sùn tí kò ṣe é jí, tí ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Yóò gba ọ̀nà èémí. Bí gìrì bá mú un, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi iná jó o lẹ́sẹ̀. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀ títí gìrì yóò fi fi í sílẹ̀, kí ẹ wá gbé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ fún ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún ọ ní hóró oògùn kí ó má bàa rẹ̀ ọ́ kò ní bá ọ jókòó lọ́jọ́ ìdánwò. Kò sí ọjà tí a ti ń ra orí míràn. Bí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀, má dá a gbé. Wá bá àgbà kan tí o fọkàn tán. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo ṣèlérí fún ọ pé pàṣán mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìgbẹ̀yìn ọmọ kéwú mi. Èmi àti bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì gba ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, a tún gbé e lọ. Lónìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ alùpùpù títúnṣe. Súrà gígùn kò dúró lórí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kírun lẹ́yìn wa, ó sì ń fi àwọn súrà kúkúrú ṣe é. Ní ọjọ́ kan tí a kírun Àsùbáà tán, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pàṣán wọ̀nyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ kò mọ̀ ni." Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí ti mọ̀ wàyí.

Ní ti ìyá tí ó gbé omi wá, mo ṣe àdúà sí omi náà fún un, nítorí èmi kì í kọ àdúà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé, "Ìyá wa, inú ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Òṣogbo ni kí ó ti mu ún." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá wọn dúró ní ojú títì títí ọkọ̀ fi dé.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó dá làákàyè tí ó ti sọnù padà, kí Ó sì fún àwa òbí ní sùúrù. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.